Ìwé Ìbéèrè VIA fún Àwọn Ọ̀dọ́: Ohun tí Ó Fi Hàn Wá ní Kétu àti Ohun tí Kò Lè Rí

Ní oṣù kẹwàá ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì wọlé ju oṣù kan lọ, ọmọ mi ọkùnrin tí ó wà ní quatrième, ìyẹn ọdún kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, sọ fún mi pé ilé-ẹ̀kọ́ ti sú òun. Kò sọ ọ́ bí ọmọ tí ó ń ṣe ọ̀lẹ; ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi sọ ọ́, bí àgbàlagbà tí ó ti ro ọ̀rọ̀ kan síwá sẹ́yìn títí tí ó fi dá a lójú. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níhìn-ín ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, mo sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo gbọ́ ọ nínú ilé tèmi, mo sì rí i pé ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn òbí mìíràn kò lè gbé mi dé ibì kankan. Níbi tí mo ti ń wá ìrànlọ́wọ́ kiri ni mo ti bá ìwé ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì kan pàdé, tí wọ́n ń pè ní VIA Youth Survey. Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń lò ó báyìí, pẹ̀lú ọmọ mi yìí àti pẹ̀lú ọmọbìnrin àbúrò mi tí ó wá láti Ṣábẹ̀ láti máa gbé lọ́dọ̀ mi, tí ó wà ní troisième, ọdún kẹrin, tí yóò sì ṣe BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní ọdún yìí. Ó yẹ kí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ tí ó bá ń ronú láti lò ó mọ ohun tí ó ṣe fún wa, kí wọ́n sì mọ ibi tí ó kù sí.

Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìwé ìbéèrè náà, VIA Institute on Character, wà ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí Christopher Peterson àti Martin Seligman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé jáde ní ọdún 2004, nínú èyí tí wọ́n to agbára ìwà 24 sí abẹ́ ìwà ńlá 6: ọgbọ́n, ìgboyà, ìfẹ́ ọmọnìkejì, òdodo, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti àwọn ìwà tí ó ń so ènìyàn mọ́ ohun tí ó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Nansook Park àti Peterson ni wọ́n ṣe èyí tí ó wà fún àwọn ọ̀dọ́. Wọn kò wá àìsàn tàbí àbùkù lára ọmọ, ohun tí ó dára lára rẹ̀ ni wọ́n ń wá, èyí sì ni ó kọ́kọ́ fà mí mọ́ra. Ìwé èsì tí à ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí kì í sọ ju iye tí ọmọ gbà nínú 20 lọ, pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo fún ìwà, tí à ń gé nígbà tí ọmọ bá ṣe àìdáa, ṣùgbọ́n tí n kò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni fi kún un nítorí pé ọmọ ṣe dáadáa.

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò fi àdírẹ́sì ímeèlì forúkọ sílẹ̀, gbólóhùn 96 yóò sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò sì yan ọ̀kan nínú ìdáhùn 5, láti orí pé èyí jọ mí gan-an títí dé orí pé kò jọ mí rárá. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò to agbára 24 náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe hàn lára ọmọ náà. Wọ́n ní àlàyé gígùn tí wọ́n ń tà fún ẹni tí ó bá fẹ́. N kò rà á, kò sì sí ìgbà kan tí mo nílò rẹ̀. Lórí fóònù ni a ti ṣe é. Èmi ni mò ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí náà ohun tí kò yẹ kí ó gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ gba alẹ́ méjì gbáko lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

N kò kábàámọ̀ alẹ́ méjì yẹn. Àárín gbólóhùn kan sí èkejì ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí a bá pàdé ni pé ọmọ tí a tọ́ ní ilé Yorùbá kò mọ bí a ti í jókòó sọ pé onínúure ni mí, olóòótọ́ ni mí, ọ̀làwọ́ ni mí. Ẹlòmíràn ni í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni. Ọmọbìnrin àbúrò mi a máa wo ojú mi kí ó tó dáhùn, bí ẹni pé ó ń tọrọ àṣẹ láti jẹ́ ènìyàn rere, a sì máa yan ìdáhùn àárín ní gbogbo ìgbà tí gbólóhùn náà bá jọ ìyìn. Mo ní láti yí i padà fún un: dípò kí n bi í bóyá ó ní àánú, mo bi í pé, bí ìyá rẹ bá wà níbí, kí ni yóò sọ? Nígbà náà ni ó tó dáhùn gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìwé ìbéèrè yìí, ẹ má ṣe gbé fóònù fún ọmọ kí ẹ sì lọ sí ìdí iṣẹ́ yín. Ẹ jókòó tì í.

Ìṣòro kejì ni ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Lára àwọn agbára tí ó wà lábẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní self-regulation, òun àti ìdáríjì, ìrẹ̀lẹ̀ àti ìṣọ́ra. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ? Mo kọ́kọ́ sọ pé sùúrù, ṣùgbọ́n sùúrù gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń dúró de ọjà náà ń ní sùúrù. Mo sọ pé ìkóra-ẹni-níjàánu, èyí sì sún mọ́ ọn, torí pé ó fi hàn pé ẹṣin wà níbẹ̀, pé ẹṣin náà lágbára, pé ẹni tí ó gùn ún ló ń darí rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbọ́ àlàyé mi, ó ní, ìyẹn ni pé ìpamọ́ra ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ronú sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìpamọ́ra: kí ènìyàn pa nǹkan mọ́ sí ara. Ó pẹ́ kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti ṣe pàtàkì tó.

Nígbà tí èsì jáde, ìfẹ́ láti mọ ìdí nǹkan, àìṣègbè àti àwàdà ni ó wà lókè fún ọmọ mi. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ipò 24. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, mo sì kà á sí àléébù ńlá fún ìwé ìbéèrè náà pé ó to ìwà ọmọ bí ìgbà tí a bá ń to ipò nínú kíláàsì. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kì í ṣe àìlera, pé ó kàn jẹ́ agbára tí ẹni náà kì í sábà lò ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ti mọ ohun tí ipò ìkẹyìn túmọ̀ sí kò ní ka àlàyé. Ó rí 24, ó sì sọ pé, ẹ ò rí i, wọ́n ti sọ ọ́.

Síbẹ̀, èsì yẹn kan náà ló là mí lójú sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ní kí gbogbo ọmọ tí ó wà lórí ìlà kan kúnlẹ̀ nítorí ariwo tí ẹnì kan ṣoṣo pa. Ọmọ mi kọ̀, ó gbé ohùn sókè, wọ́n lé e síta, wọ́n sì gé máàkì ìwà rẹ̀. Èmi náà bá a wí nílé pé ó ya aláìgbọràn. Nígbà tí mo wo èsì náà tí mo rí àìṣègbè lókè àti ìkóra-ẹni-níjàánu nísàlẹ̀, ó yé mi pé ohun tí ó dára jù lára ọmọ náà ni ó mú un bínú. Ẹni tí kò bìkítà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kò ní bínú ní ọjọ́ yẹn. Yóò kúnlẹ̀, yóò sì gbàgbé. Ohun tí a bá wí lára ọmọ mi kì í ṣe ìwà burúkú bí kò ṣe ìwà rere tí kò ní ìjánu. Mo sọ èyí fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ìbáwí tí mo bá a wí láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ìwé ìbéèrè náà kò bá ṣe ohun mìíràn fún wa ju èyí lọ, ó ti tó mi.

Kí a má ṣe gbà á gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ ṣá o. Ní ọdún 2004 kan náà, Park, Peterson àti Seligman gbé ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 5,299, wọ́n sì rí i pé ìrètí, ìtara, ìmoore, ìfẹ́, àti ìfẹ́ láti mọ ìdí nǹkan ni ó ń bá ìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ayé rìn jù, nígbà tí ìrẹ̀lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bá a rìn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fífẹ́ràn ẹ̀kọ́ kíkọ́ pàápàá. Àwa olùkọ́ máa ń rò pé ọmọ tí ó fẹ́ràn ìwé kò lè ṣàìní ìdùnnú ní ilé-ẹ̀kọ́; ó yẹ kí èyí mú wa dúró díẹ̀. Ní ọdún 2005, Angela Duckworth àti Seligman ṣe ìwádìí lára àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí wọn bá ti àwọn ọmọ quatrième wa mu, wọ́n sì rí i pé ìkóra-ẹni-níjàánu sọ bí máàkì ìparí ọdún yóò ṣe rí ju bí òṣùwọ̀n làákàyè ti sọ ọ́ lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po méjì. Àwọn òbí tí ó bá gbọ́ èyí yóò fẹ́ kí ọmọ wọn kó ara rẹ̀ níjàánu lọ́gán. Ṣùgbọ́n máàkì ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀. Ọmọ lè gba 16 nínú 20 kí ọkàn rẹ̀ má sì sí ní ilé-ẹ̀kọ́ rárá, mo sì ní ẹ̀rí rẹ̀ nínú ilé mi.

Ọmọbìnrin àbúrò mi ni ẹ̀rí náà. Nínú èsì tirẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀, ìmoore àti ìkóra-ẹni-níjàánu wà lára márùn-ún àkọ́kọ́. Kò sí olùkọ́ tí kì í yìn ín. Kì í pariwo, kì í pẹ́ dé, kì í bèèrè nǹkan. Bí ìwé ìbéèrè VIA nìkan ni mo bá ní lọ́wọ́, mo lè sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní mo fi ìbéèrè mìíràn kún un, èyí tí Scott Huebner ṣe jáde ní ọdún 1994 láti wọn bí ayé ṣe tẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn sí ní ìhà 5: ẹbí, ọ̀rẹ́, ilé-ẹ̀kọ́, àyíká tí ó ń gbé, àti ara rẹ̀. Gbólóhùn 40 ni gbogbo rẹ̀, 8 nínú wọn sì jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, nípa bóyá ọmọ máa ń fojú sọ́nà láti lọ, bóyá ó wù ú láti wà níbẹ̀, bóyá ibẹ̀ máa ń bà á nínú jẹ́, àti irú wọn. Nígbà tí a dé èyí tí ó ní ṣe pẹ̀lú ìbànújẹ́, ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní, ní gbogbo ìgbà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, ṣebí ìpamọ́ra ni ẹ ní ó dára.

James Gross, ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń ṣàkóso ìmọ̀lára rẹ̀, ti ya ohun tí ó dàrú mọ́ mi lójú yìí sọ́tọ̀. Nínú iṣẹ́ tí òun àti Oliver John gbé jáde ní ọdún 2003, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi wéra. Ọ̀kan ni kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ náà rò kí ìmọ̀lára tó gbilẹ̀, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojú mìíràn. Èkejì ni kí ìmọ̀lára ti dé, kí ènìyàn sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Àwọn tí ó ń lo ti àkọ́kọ́ ní ìdùnnú àti àlàáfíà ọkàn ju àwọn tí ó ń lo ìkejì lọ, àwọn tí ó ń bo ìmọ̀lára mọ́lẹ̀ sì jìnnà sí àwọn ènìyàn wọn jù. Bí a bá wò ó láti òde, ọmọ méjèèjì jọ ara wọn: méjèèjì jókòó jẹ́ẹ́, méjèèjì gba máàkì ìwà tí ó pé. Ìwé ìbéèrè VIA kò yà wọ́n sọ́tọ̀ tó, àwa olùkọ́ náà kì í sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí inú ń bí ń yọ wá lẹ́nu, nítorí náà à ń rí i. Èyí tí ó ń gbé e mì kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

N kò sọ pé kí a sọ ìpamọ́ra nù. Àwọn baba wa sọ pé ìbínú kò da nǹkan fún ènìyàn, sùúrù ni baba ìwà, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Kétu yìí kan náà ni a ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO ti kọ sínú àwọn ogún àṣà aráyé ní ọdún 2008, ní òru Ẹ̀fẹ̀ sì ni agbóhùn-orin máa ń fi orin àti ẹ̀fẹ̀ sọ ohun tí ó ń dun ìlú, tí yóò bá aláìdáa wí lójú gbogbo ayé, tí ìlú yóò sì rẹ́rìn-ín, tí yóò sì gbọ́. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ bú gbàù, wọ́n sì mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ gbé e mì. Wọ́n wá àyè àti ohùn fún un. Mo rán ọmọ mi létí èyí nítorí pé àwàdà wà lára mẹ́ta rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti ń lò ó. Ní oṣù kejì, nígbà tí wọ́n tún fẹ́ fìyà jẹ gbogbo ìlà kan, ó bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bóyá kí ìlà tí ó kù náà wá kúnlẹ̀, kí ariwo náà má bàa sá lọ sọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n dìde. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò sí olùkọ́ tí à ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Àwọn nǹkan mìíràn tí a ṣe kò pọ̀. Ọmọ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ariwo pọ̀ sí. A fẹnu kò pé bí inú bá ń bí i, yóò kọ ohun tí ó fẹ́ sọ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, yóò sì lọ bá olùkọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ bí ó bá ṣì yẹ kí a sọ ọ́ nígbà náà. Ní oṣù kẹrin a tún dáhùn gbólóhùn 8 ti ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti ń fojú sọ́nà láti lọ ní àwọn ọjọ́ kan, pàápàá ọjọ́ tí wọ́n bá ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun alààyè. Ìdáhùn rẹ̀ lórí bóyá ọ̀pọ̀ nǹkan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí òun kò fẹ́ràn kò yí padà rárá, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó yí padà, nítorí pé àwọn nǹkan náà kò tíì yí padà: ọmọ tí ó ju 50 lọ ṣì wà nínú kíláàsì kan, ooru ọ̀sán ṣì ń mú lábẹ́ páànù, wọ́n sì ṣì ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́ṣẹ̀.

Èyí ni àléébù tí ó tóbi jù tí mo rí, kì í ṣe ti VIA nìkan, ó kan gbogbo ohun èlò irú rẹ̀. Ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n. Kò sí gbólóhùn kan nínú 96 náà tí ó bi mí léèrè, èmi olùkọ́, bóyá mo máa ń mọ orúkọ ọmọ kí n tó bá a wí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá lo irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láì wo ara rẹ̀ lè di ẹrù gbogbo lé ọmọ lórí, kí ó ní bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ìwà rẹ ni kò tó. Irọ́ gbáà ni ìyẹn yóò jẹ́.

Bí òbí bá bi mí, màá ní kí ó lò ó, bí ó bá ní alẹ́ méjì láti jókòó ti ọmọ rẹ̀ àti ẹni tí ó gbọ́ èdè tí a fi kọ ọ́ dáadáa. Kí ó fi èsì láti ipò 10 sí ìsàlẹ̀ pamọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ní. Kí ó sì fi ìbéèrè nípa ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kún un, pàápàá fún ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Màá ní kí olùkọ́ má ṣe fún odindi kíláàsì ní ọjọ́ kan, kí a má bàa sọ ọ́ di ìdánwò mìíràn.

Ní ti ọmọbìnrin àbúrò mi, ohun tí ó ń bà á nínú jẹ́ jù, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ nígbẹ̀yìn, ni pé wọ́n máa ń nu pátákó nínú ẹ̀kọ́ kan kí òun tó kọ nǹkan tán, tí òun kò sì lè sọ̀rọ̀, tí òun sì ń lọ sùn ní òru pẹ̀lú ìwé tí kò pé. Láti ọdún tí ó kọjá ni. A jọ kọ gbólóhùn kan sórí ìwé kékeré, pẹ̀lú ẹ jọ̀wọ́ níwájú rẹ̀ àti ẹ ṣé lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e dání lọ ní ọjọ́ Ajé, ó sì tún gbé e padà wálé. Ó ní òun yóò tún gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n bá tún ní ẹ̀kọ́ náà.